Àwọn oògùn tó ń ta iṣan parasympathetic jí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Apòògùn ni mí. Ìbéèrè tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn máa ń bi mí jù nípa àwọn oògùn yìí ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn. Ẹ má fi í rọ́pò dókítà yín, nítorí òun ló mọ ohun tó wà lára yín.

Kí ni iṣan parasympathetic gan-an?

Iṣẹ́ kan wà tí ara ń ṣe láìgba àṣẹ lẹ́nu wa. Kò sẹ́ni tó ń rán ọkàn rẹ̀ létí pé kó lù, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń bẹ ìfun rẹ̀ pé kó ti oúnjẹ síwájú. Iṣan ìmọ̀lára ló ń darí gbogbo ìyẹn, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Ọ̀kan, sympathetic, ni ti ìgbà ìjayà. Ká ní ajá ṣàdédé já léèyàn lórí: ọkàn á máa lù kìkìkì, ẹnu á gbẹ táútáú, ojú á là rekete, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ á sì fò lọ. Èkejì, parasympathetic, ni ti ìgbà tí ajá ti lọ, tí èèyàn ti jókòó, tó sì ti jẹun. Ọkàn á rọra máa lù, itọ́ á sun lẹ́nu, oúnjẹ á máa dà nínú, ọmọlójú á sún kì, àpò ìtọ̀ á sì lè fún ara rẹ̀ dànù nígbà tó bá kún.

Ibi méjì ni iṣan parasympathetic ti ń yọ: ìsàlẹ̀ ọpọlọ àti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, nítòsí ìdí. Nínú oríṣi iṣan méjìlá tó ń tinú orí wá, ìkẹta, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ló gbé e. Ìkẹwàá yẹn, tó ń jẹ́ vagus, ló rìn jìnnà jù. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Látìn ni alárìnkiri, orúkọ náà sì rò ó: ó gba ọrùn kọjá, ó ya ọ̀dọ̀ ọkàn, ó ya ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó dé àpòlúkù, kò sì dúró títí tó fi dé èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun. Èyí tó ti ìdí yọ ló ń bójú tó àpò ìtọ̀ àti ìparí ìfun.

Báwo wá ni oògùn ṣe ń ta á jí?

Iṣan kì í fara kan ẹ̀yà ara tó ń darí. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ló sì ń jẹ́ iṣẹ́ láti òdì kan dé òdì kejì. Ońṣẹ́ ni. Bó bá ti kan ilẹ̀kùn, tó jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ acetylcholinesterase ti dúró dè é, á sì gé e wẹ́wẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, kó má baà máa kan ilẹ̀kùn ṣáá.

Ọgbọ́n méjì ni oògùn lè dá síbẹ̀. Ó lè rán ayédèrú ońṣẹ́ tí ojú rẹ̀ jọ ti gidi tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí fún un. Pilocarpine, bethanechol, carbachol, cevimeline àti methacholine wà nínú ìwọ̀nyí. Tàbí kó di ẹni tó ń gé ońṣẹ́ lọ́wọ́ mú, kí acetylcholine tí ara fúnra rẹ̀ rán lè pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Physostigmine, neostigmine, pyridostigmine, donepezil, rivastigmine àti galantamine ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Bí iṣan kan bá ti kú pátápátá, kò sí ońṣẹ́ tí yóò rán, nítorí náà dídi ọ̀gégèé yẹn, ìyẹn acetylcholinesterase tó ń gé ońṣẹ́, lọ́wọ́ mú kò ṣe nǹkan kan. Ayédèrú ońṣẹ́ ṣì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá di ọ̀gégèé lọ́wọ́ mú ti dì í mú níbi gbogbo tó wà, kódà níbi tí kò kan parasympathetic rárá. Èyí ṣe pàtàkì, a ó padà bá a níwájú.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fún wa ní acetylcholine fúnra rẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ á jẹ ẹ́ run kó tó débi kankan. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ojú ló kù sí: dókítà lè fọ́n ọn sínú ẹyinjú gan-an tó bá fẹ́ kí ọmọlójú sún kì ní kíá.

Ta ló rí i pé èròjà ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún iṣan? Mo rò pé iná mànàmáná ni.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ náà rò bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní 1914, Henry Dale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí acetylcholine ń ṣe lára ẹranko jọ ohun tí iṣan parasympathetic ń ṣe. Òun náà ló pín àwọn ilẹ̀kùn sí oríṣi méjì: èyí tó ń ṣí fún muscarine inú olú, àti èyí tó ń ṣí fún nicotine inú tábà. Orúkọ méjèèjì ni a ṣì ń lò dòní.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni Otto Loewi, ní ìlú Graz ní Austria. Ó sọ pé ojú oorun ni òun ti rí bí òun yóò ṣe dán an wò. Ó jí lóru, ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé, ó padà sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò lè ka ìwé ara rẹ̀. Lóru kejì, àlá náà tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró kọ nǹkan kan, ó dìde lọ sí yàrá ìwádìí rẹ̀. Ó gbé ọkàn àkèré méjì sínú omi iyọ̀. Ó ru iṣan vagus ti àkọ́kọ́ sókè, ọkàn náà sì ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bu omi tó yí ọkàn yẹn ká, ó dà á sórí ọkàn kejì tí kò fọwọ́ kan, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Nǹkan kan ti bọ́ sínú omi náà nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ní 1936, òun àti Dale jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Nazi gba Austria, wọ́n sọ Loewi tó jẹ́ Júù sẹ́wọ̀n, wọn ò sì jẹ́ kó lọ títí tó fi yọ̀ǹda owó Nobel rẹ̀ fún wọn. Mi ò lè sọ ìtàn àkèré náà kí n má sọ èyí.

Tó bá jẹ́ ti ìsinmi ni iṣan yìí, ṣé oògùn afinilọ́kànbalẹ̀ nìyí? Ṣé mo lè fi sùn?

Rárá o. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri nípa “títa vagus jí” láti fara balẹ̀ ló sì fà á. Mímí kanlẹ̀ lè dín ìlùkìkì ọkàn kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé pilocarpine mì kò ní sùn. Yóò máa làágùn, itọ́ yóò kún ẹnu rẹ̀, yóò sì máa wá ilé ìgbẹ́. Oògùn kò mọ̀ pé ọkàn yín ni ẹ fẹ́ kó balẹ̀. Ilẹ̀kùn ló mọ̀, gbogbo ilẹ̀kùn tó bá sì lágbára láti ṣí ni yóò ṣí.

Àìsàn wo gan-an ni wọ́n ń lò wọ́n fún?

*Àpò ìtọ̀ tó kọ̀ láti fún.* Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, tàbí nígbà tí iṣan àpò náà bá ti rẹ̀, ìtọ̀ lè kún kó má jáde. Bethanechol ni wọ́n ń lò, láti 10 dé 50 mg, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Orí inú òfìfo ni kí ẹ ti lò ó, wákàtí kan kí ẹ tó jẹun tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí èébì má baà gbé yín. Àmọ́ ohun kan gbọ́dọ̀ dájú kí wọ́n tó fún yín: pé kò sí nǹkan tó dí ojú ọ̀nà. Bí òkúta tàbí prostate tó wú bá ti dí i, tí oògùn sì ń fún àpò lára, ẹ fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

*Ẹnu gbígbẹ.* Àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ orí tàbí ọrùn wọn, àti àwọn tó ní àìsàn Sjögren, tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń ba ibi tí itọ́ àti omijé ti ń sun jẹ́, lè wá itọ́ tì lẹ́nu. Ẹni tí kò bá rí i rí kò mọ bó ti le tó: búrẹ́dì kò ṣe é gbé mì, eyín ń jẹrà, ọ̀rọ̀ ń há lẹ́nu. Pilocarpine oníhóró, 5 mg, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tàbí cevimeline, 30 mg lẹ́ẹ̀mẹta, lè mú itọ́ padà, bí ibi tí itọ́ ti ń sun kò bá tíì kú tán. Òógùn ni ẹ̀sùn tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń lò ó. Ẹ máa mu omi dáadáa.

*Ojú.* Mo ti ya ìbéèrè kan sọ́tọ̀ fún un nísàlẹ̀.

*Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.* Àwọn dókítà tó ń kunni lóorun máa ń lo oògùn tó ń mú kí ẹran ara rọ pátápátá. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n lè gún neostigmine kí agbára padà sára. Nítorí pé neostigmine kan náà lè mú ọkàn lù díẹ̀díẹ̀ jù, wọn kì í fún un lóun nìkan. Atropine tàbí glycopyrrolate ń bá a rìn láti dáàbò bo ọkàn.

*Ìfun tó dúró.* Nígbà mìíràn ìfun ńlá a wú bámú láìsí ohun tó dí i. Bí gbogbo ọ̀nà yòókù bá kùnà, wọ́n lè gún neostigmine, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ilé ìwòsàn nìkan.

*Àyẹ̀wò ikọ́ fée.* Èyí kì í ṣe ìtọ́jú. Wọ́n á ní kí èèyàn fa methacholine díẹ̀díẹ̀ símú láti wò ó bóyá ọ̀nà èémí rẹ̀ yára ń sún kì ju ti ẹlòmíràn lọ.

*Ìgbàgbé àti ẹran ara tó ń rẹ̀.* Ìwọ̀nyí náà ní ìbéèrè tiwọn.

Wọ́n kọ pilocarpine tí à ń kán sójú fún màmá mi. Kí ló ń ṣe, kí sì ni kí wọ́n ṣọ́ra fún?

Nínú glaucoma, omi inú ẹyinjú kì í rí ọ̀nà jáde bó ti yẹ, agbára rẹ̀ á sì máa tẹ iṣan ìríran títí yóò fi bà á jẹ́. Pilocarpine ń fa ẹran kékeré tó wà nínú ojú, ojú ọ̀nà omi á ṣí, omi á sì rí ibi gbà. Ara ewé igi jaborandi ti ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1875, ọdún méjì kò sì pé tí wọ́n fi ń kán an sójú. Lóde òní àwọn oògùn mìíràn ti gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni àwọn kan lára wọn, nígbà tí pilocarpine lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Síbẹ̀ bí glaucoma bá ká èèyàn mọ́ lójijì, tí ojú pọ́n, tó ń dùn dé orí, pilocarpine ṣì wà lára ohun tí dókítà ojú lè nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí màmá mọ̀ pé ọmọlójú wọn yóò sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa wọlé, nítorí náà ojú wọn lè ṣókùnkùn lálẹ́. Kí wọ́n má wakọ̀ lóru. Òkè ojú lè máa ro wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn sábà máa ń lọ. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la ni bí wọ́n bá ṣàdédé rí ohun tó ń kọ mànà, tàbí àwọn àmì dúdúdúdú tó pọ̀ lójijì, tàbí bí ẹni fi aṣọ bo apá kan ojú. Awọ ẹ̀yìn ojú lè ti ń ṣí.

Bí wọ́n bá ti kán an, kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ìka tẹ igun ojú lápá ibi imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gbé omi ojú lọ sínú imú àti ọ̀fun. Oògùn tó bá gbabẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ ló ń fa inú rírun àti òógùn. Bí oògùn ojú bá jẹ́ méjì, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín.

Mo gbọ́ pé májèlé ni ọ̀kan nínú àwọn oògùn yìí tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, itòsí wa sì ni. Àwọn Efik ní agbègbè Calabar ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere, tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Wọ́n á fún olùjẹ́jọ́ mu ún. Bó bá bì í, ó mọ́; bó bá kú, ẹjọ́ ti parí. Àwọn kan ní ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́ máa ń yára gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, inú á sì kọ̀ ọ́ jáde, nígbà tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà á rọra máa tọ́ ọ wò títí yóò fi dá a lára. Àlàyé tó wuni ni, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ẹ̀mí mi lé e.

Àwọn ajíhìnrere ló gbé ẹ̀wà náà dé Edinburgh. Ní 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa májèlé, jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí òòyì gbé e, tí ara rẹ̀ sì ń rọ, ó gbé omi tó fi fá irùngbọ̀n mu láti fi bì. Ó yè é. Ní 1864 wọ́n rí èròjà inú rẹ̀ yọ, wọ́n pè é ní physostigmine. Àwọn mìíràn tó tún yọ ọ́ ní 1865 pè é ní eserine, orúkọ tí Efik fún un ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní 1876, Ludwig Laqueur, dókítà ojú tí glaucoma ń bá òun fúnra rẹ̀ jà, fi tọ́jú ojú. Ní 1935 Percy Julian, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ẹrú, àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ Josef Pikl, rí i pò nínú yàrá ìwádìí láìlo ẹ̀wà kankan. Neostigmine, pyridostigmine àti rivastigmine, ọmọ ẹ̀wà Calabar ni gbogbo wọn. Ẹ kàn wo ìparí orúkọ wọn.

Myasthenia gravis ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, pyridostigmine ni wọ́n ń fún un. Ṣé àìsàn parasympathetic ni?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí mo ní a ó padà sí nìyí. Acetylcholine kan náà ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín iṣan ìmọ̀lára àti ẹran ara tí a fi ń gbé ọwọ́, tí a fi ń la ojú, tí a fi ń jẹun. Ti nicotine ni ilẹ̀kùn ibẹ̀. Nínú myasthenia gravis, àwọn ọmọ ogun ara ń ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́, kò sì kù tó. Ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀, ohun á máa wẹ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, àárẹ̀ náà á sì máa pọ̀ sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú. Mary Walker, dókítà ní Greenwich, ló kíyè sí i pé ó jọ májèlé curare tí wọ́n ń fi sí ọfà, physostigmine sì wà lára ohun tó ń pa agbára curare. Ó gún un fún aláìsàn rẹ̀ ní 1934, ìpéǹpéjú aláìsàn náà sì gòkè.

Pyridostigmine a máa jẹ́ kí ońṣẹ́ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tó kù lè rí i gbà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí kan, agbára rẹ̀ a sì máa wà fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí jíjẹ àti gbígbé mì bá ń ni ẹ̀gbọ́n yín lára, kí ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí wọ́n lè máa lo oògùn ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ. Èyí tó jẹ́ 180 mg tó ń rọra yọ́, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má rún un.

Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń bá a rìn, ibẹ̀ gan-an ni parasympathetic ti wọ̀ ọ́: oògùn ń lọ sọ́dọ̀ apá, ó gba ọ̀dọ̀ ìfun kọjá.

Ewu tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni èyí. Bí oògùn bá kéré jù, ara á rọ. Bó bá pọ̀ jù, ara tún máa rọ! Bí àárẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, tí itọ́ ń dà, tí òógùn ń bọ̀, tí ọmọlójú sún kì, ẹ má fi kún oògùn. Bí èémí bá sì ti ń ṣòro tàbí tí ẹnu kò gbé nǹkan mì mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, yálà ẹ mọ èyí tó fà á tàbí ẹ kò mọ̀. Ẹ máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún wọn pé wọ́n ní àìsàn yìí, nítorí gentamicin, ciprofloxacin àti magnesium tí wọ́n ń gún lè mú un le.

Ṣé donepezil máa mú iyè bàbá mi padà?

Kò ní mú un padà, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àrùn Alzheimer, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rán acetylcholine nínú ọpọlọ ń kú. Donepezil, rivastigmine àti galantamine ń jẹ́ kí èyí tó kù pẹ́ díẹ̀. Àwọn kan á rántí orúkọ ju ti àná lọ, wọ́n á lè wọṣọ fúnra wọn fún oṣù mélòó kan sí i. Àwọn mìíràn kò ní rí ìyàtọ̀. Àrùn náà kò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá dókítà ṣàdéhùn ìgbà tí ẹ ó jókòó wò ó bóyá ó wúlò.

Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lo donepezil. Bí àlá tó le bá ń dà wọ́n láàmú, ẹ bi dókítà bóyá ó lè di àárọ̀.

Kí ni àwọn ohun tí oògùn yìí lè ṣe tí a ò rán an?

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: itọ́ ń dà, ìtọ̀ ń gbọ̀n, oògùn ń mú òógùn wá. Ẹ fi omijé kún un, imú tó ń ṣomi, inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ojú tó ń ṣú, ọkàn tó ń falẹ̀, òòyì bí èèyàn bá dìde, àti àyà tó ń ṣe fẹ̀ẹ́ẹ́ nítorí ọ̀nà èémí tó sún kì. Mi ò gbà pé ó yẹ ká máa pè wọ́n ní àléébù. Iṣẹ́ kan náà ni, níbi tí a ò fẹ́ ẹ. Èyí tí a pè ní ìwòsàn fún ẹlẹ́nu gbígbẹ, ìyọnu ni fún ẹni tó ń lò ó nítorí ojú.

Ta ni kò yẹ kó lò wọ́n?

Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu, ẹni tí ìfun tàbí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ dí, ẹni tó ní wárápá. Fún àwọn kan nínú wọn, rárá ni. Fún àwọn mìíràn, ìṣọ́ra ni. Dókítà ló máa wọ̀n ọ́n. Tiyín ni kí ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún un.

Ṣé mo lè lò ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí n rí oògùn méjì tó ń bá ara wọn jà nínú àpò kan náà. Mo ti rí i léraléra: donepezil fún iyè, oxybutynin fún ìtọ̀ tó ń jò. Ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn, èkejì ń tì í. Nígbà mìíràn donepezil gan-an ló fa ìtọ̀ tó ń jò náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè kí wọ́n tó fi oògùn kejì lé e. Diphenhydramine inú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti ti oorun náà ń tì ilẹ̀kùn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí atenolol àti propranolol tún ń mú ọkàn falẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé pọ̀, èèyàn lè dákú. Ẹ kó gbogbo oògùn yín wá, títí kan èyí tí ẹ rà láìgba ìwé dókítà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò ṣe kan èyí?

Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ organophosphate ń di ọ̀gégèé náà lọ́wọ́ mú bíi ti pyridostigmine, ṣùgbọ́n wọn kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Gerhard Schrader ń wá ohun tí yóò pa kòkòrò oko ní Jámánì ní 1936 nígbà tó bọ́ sórí tabun, májèlé tí wọ́n sọ di ohun ìjà ogun. Sarin tẹ̀ lé e ní 1938. Sarin yìí ni wọ́n tú sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo ní March 20, 1995.

Bí oògùn apakòkòrò bá dà sí ẹnì kan lára tàbí tó gbé e mì, tí itọ́ àti omijé ń dà, tó ń bì, tí ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, tí àyà rẹ̀ ń hó: ẹ pe àwọn onítọ̀ọ́jú pàjáwìrì. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi tipátipá mú un bì, ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì. Ní ilé ìwòsàn, atropine ni wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa gún un léraléra títí omi á fi gbẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Pralidoxime lè já ọ̀gégèé náà gbà, bó bá tètè dé.

Olú muscarine ńkọ́?

Inú olú pupa onítòtòtó funfun, Amanita muscaria, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ muscarine ní 1869, síbẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn olú kéékèèké kan tí kò jọjú, Inocybe àti Clitocybe, ló ní in púpọ̀.

Mo gbàgbé láti lò ó lásìkò. Ṣé kí n lo méjì?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lo ẹyọ kan bí ẹ bá rántí, àyàfi tí àsìkò èyí tó kàn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Nígbà náà ẹ fò ó.

Báwo ni a ṣe ń lo rivastigmine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara?

Ẹyọ kan fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, sórí awọ tó mọ́ tó sì gbẹ: ẹ̀yìn, òkè apá tàbí àyà. Ẹ yí ibẹ̀ padà lójoojúmọ́, kí ẹ má sì padà síbi kan náà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí ẹ tó lẹ tuntun, ẹ ṣí ti àná kúrò, kí ẹ sì wo gbogbo ẹ̀yìn wọn dáadáa bóyá òmíràn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn aláìsàn tí wọ́n lẹ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà ti kú rí. Bí àwọn olùtọ́jú bá ju ẹnì kan lọ nínú ilé, ẹ kọ ọjọ́ sí ara rẹ̀ pẹ̀lú bíírò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó bá gbapò yín lálẹ́ lè mọ̀ pé ẹ ti lẹ ti òní.